Bọ́ọ̀sì Àlòkù Lójú Títì Ìkejà sí Agége: Kí Owó Èsúsú Má Baà Bá Èéfín Lọ

Ẹni tó bá dúró ní Ìkejà Along lọ́jọ́ Sátidé, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán, yóò rí wọn. Ìyá, bàbá, ọmọ mẹ́rin, àbúrò ìyàwó kan, pẹ̀lú kúlà mínírà àti ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu, gbogbo wọn ń du danfo kan ṣoṣo. Gèlè tí ìyá wé láti àárọ̀ ti wọ́, aṣọ ẹbí ti rún, kọ̀ńdọ́kítọ̀ sì ń pariwo pé kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ṣéńjì lọ́wọ́. Kí wọ́n tó dé òde, inú ti bàjẹ́. Alẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde nínú ilé pé, "Ẹ jẹ́ ká kúkú ra bọ́ọ̀sì tiwa."

Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Agége nílò ohun tí yóò fi kó ẹrù. Télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ògbà ní ọmọ tó gbọ́dọ̀ dé iléèwé kí aago tó lù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tuntun kọjá agbára ẹni tó ń jẹ nínú ohun tó tà lónìí. Àlòkù ló kù, èyí tó sì ti sáré púpọ̀ nínú àlòkù ni owó rẹ̀ máa ń bá àpò mu. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ṣé ọkọ̀ tó ti jẹ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè sin ẹbí? Ó lè sìn wọ́n dáadáa, bí ẹni tó ń rà á bá mọ irú ìrìn tí ọkọ̀ náà ti rìn, tí kò sì ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán lọ́jọ́ tó rà á. Ẹni tó bá fojú fo méjèèjì yìí, owó èsúsú ọdún mẹ́ta lè bá èéfín lọ láàárín oṣù mẹ́ta.

ÀDÚGBÒ ONÍṢẸ́ ỌWỌ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ nípa ọkọ̀ àlòkù, kó rin Títì Agége já. Títì náà ń bá ọ̀nà reluwé rìn láti apá Mushin, ó gba Oshodi, ó gba Ìkejà, títí ó fi dé Agége. Ọ̀nà irin ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin lélẹ̀ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Oko kòkó àti oko obì ni wọ́n fi mọ Agége láyé ìgbà yẹn.

Iléeṣẹ́ ńláńlá ló tún dé lẹ́yìn èyí. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira lọ́dún 1960, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkejà wà, ìjọba yẹn ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún iléeṣẹ́. Títì Ọba Akran tó la àárín wọn kọjá, orúkọ Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì ni wọ́n fi sọ ọ́, ọba tó tún jẹ́ mínísítà nínú ìjọba náà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkejà lọ́dún 1962. Dunlop náà ń ṣe táyà ní Títì Ọba Akran. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967, Ìkejà bọ́ sínú rẹ̀, ó sì di olú ìlú ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 1976.

Òṣìṣẹ́ tó ń wọṣẹ́ láàárọ̀ àti èyí tó ń jáde lóru, bọ́ọ̀sì ló ń gbé wọn. Ibi tí bọ́ọ̀sì bá sì pọ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn tó ń tún un ṣe máa ń pọ̀ sí. Ẹni tó bá yà kúrò lójú títì wọ àwọn àdúgbò ẹ̀yìn, yóò gbọ́ ìró òòlù pánẹ́ẹ̀bítà, yóò gbóòórùn ọ̀dà ọkọ̀, yóò rí rẹwáyà tó dojú bolẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, yóò sì bá fọkanáísà lábẹ́ agboòrùn. Oríire ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ àgbà kì í pẹ́ níbi tí kò bá sí oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ra mẹkáníìkì mọ́ ọn. Nítorí náà, kó wá mẹkáníìkì ná kó tó wá mọ́tò.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ayé àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀ o. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkejà ní ìparí ọdún 2008, lẹ́yìn tí Michelin ti ṣe bákan náà ní Port Harcourt lọ́dún 2007. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà ń gbà wá báyìí, tọ́kunbọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Ojú táyà lè dán kó dà bí tuntun, kó sì jẹ́ pé ó ti gbó tán. Ara rẹ̀ ni kí ẹ wò. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí méjì tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 09, ọdún 2009 ni. Kò yẹ kí ènìyàn kó ọmọ sórí irú táyà bẹ́ẹ̀ wọ títì márosẹ̀ Abẹ́òkúta.

ÌRÌN MẸ́TA TÍ BỌ́Ọ̀SÌ TI RÌN

Bọ́ọ̀sì àlòkù tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà yìí kò ju oríṣi mẹ́ta lọ.

Èkíní ni danfo tó ti fẹ̀yìn tì. Yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú ni àwọ̀ ọkọ̀ èrò l'Ékòó. Bí olówó rẹ̀ bá fẹ́ tà á fún ẹni tó ń wá ọkọ̀ ilé, yóò kùn ún ní funfun tàbí ní àwọ̀ eérú, yóò rán aṣọ tuntun sí àga, yóò ní, "Ọ̀gá kan ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ ká rọ́bà etí ilẹ̀kùn díẹ̀, kí ẹ sì ká ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí yẹ́lò bá yọjú níbẹ̀, tàbí tí ẹ rí ojú ihò tí wọ́n ti de bẹ́ǹṣì onírin mọ́lẹ̀ nígbà kan, ọ̀rọ̀ ti tán.

Kí ló wá burú nínú danfo? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà lójúmọ́ fún ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́, ó ti rin 30,000 kìlómítà láàárín ọdún kan. Ọdún márùn-ún, 150,000. Èyí nìkan kò tó pa ọkọ̀. Ohun tó ń pa á ni pé gbogbo ìrìn yẹn, tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tu kílọ́ọ̀ṣì ni, èrò wọlé, èrò bọ́ọ́lẹ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Oshodi sí Agége. Ọkọ̀ tó fi máìlì kan náà rin ọ̀nà jíjìn, tó ń lọ gbọnrangandan láìdúró, ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì rẹ̀ lè lágbára ju ti danfo tó rin ìdajì rẹ̀ lọ. Torí náà, bí ẹ bá béèrè iye máìlì, ẹ béèrè ibi tó ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Èkejì ni tọ́kunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, èyí tó sì gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Toyota Sienna. Ọdún 1997 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dìídì ṣe é fún ẹbí ni. Ènìyàn méje ń jókòó sínú rẹ̀, àga ẹ̀yìn sì ṣeé yọ tàbí ṣeé ká bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù ọjà. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ohun méjì tí ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ́ńjìnnì àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa ń sọ ọ́ìlì di ọ̀rá bí wọn kò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2002, Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ètò láti tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ra ọkọ̀ ọdún 1997 sí 2002. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ohun dúdú bá dì síbẹ̀ bí ọ̀dà títì, ẹ máa lọ. Ohun kejì ni bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn. Sienna tó ṣáájú ti ọdún 2007 ló ń lò ó, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rin bíi 90,000 máìlì. Bí ó bá já, ọkọ̀ yóò kú lójú ọ̀nà lójijì. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Ẹ̀kẹta ni bọ́ọ̀sì tó wá láti Japan tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ wọn wà. Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè tà níbí, àwọn kan á gé inú rẹ̀, wọ́n á gbé sítíárì sọdá sọ́wọ́ òsì. Iṣẹ́ náà lè mọ́, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ àlùmọ́ńsì. Ohun kan wà tí wọn kì í sábà gbé sọdá, ìyẹn ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n ń fà. Ti ibí yìí máa ń wà lápá ọ̀tún, níbi ẹ̀gbẹ́ títì. Bí ẹ bá rí i pé apá òsì nìkan ló wà, ẹ tètè dúró ronú, torí àárín títì gan-an ni ọmọ yín yóò máa bọ́ sí, níbi tí ọ̀kadà ti ń sáré bọ̀. Kò sí ẹ̀dínwó kankan tó tó ẹ̀mí ọmọ.

AAGO MÁÌLÌ Ń PARỌ́

Àwọn kan gbà pé ohun tí aago inú ọkọ̀ bá sọ ni òdodo. Aago yẹn ṣeé dá padà sẹ́yìn. Ti àwọn Volkswagen àtijọ́ tiẹ̀ ní nọ́ńbà márùn-ún péré, bí ó bá ti pé 99,999, yóò padà sí òdo bí ẹni pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ tún wò ó bóyá máìlì ló ń kà tàbí kìlómítà. Ti Amẹ́ríkà máìlì ni, 100,000 máìlì sì jẹ́ nǹkan bí 161,000 kìlómítà.

Orí ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹbí tó ń lo ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà lè fi rin 12,000 máìlì lọ́dún. Ọkọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò wá tó 180,000. Bí aago rẹ̀ bá ní 60,000, ẹ béèrè ohun tó fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹnikẹ́ni kì í rántí tún ṣe. Ẹ wo rọ́bà ibi ìtẹsẹ̀ bíréèkì bóyá ó ti jẹ dé irin. Ẹ wo sítíárì bóyá ó ti ń dán bí ọwọ́ odó. Ẹ wo àga dírẹ́bà bóyá ó ti rì lápá kan. Aago lè parọ́, àwọn wọ̀nyí kì í parọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó ń tajà ni yóò ti gba tirẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé wọ́n ti tan án sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la. Bí ó bá tan, ẹ dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tó dúdú, epo ló ń ṣòfò. Èyí tó funfun tí kò dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ wo ọ́ìlì pẹ̀lú. Bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ tútù, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà náà ni kí ẹ wá wà á. Àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ ni ìdánwò. Ẹ gbé e gun afárá Pen Cinema ní Agége, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò sì lè gòkè, kílọ́ọ̀ṣì tàbí jíà ti ń lọ. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí bíréèkì yóò sọ. Ẹ tún mú un wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa wo aago tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Fáànù rédíétọ̀ tó ti bàjẹ́ kì í fi ara hàn bí ọkọ̀ bá ń sáré, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan nínú oòrùn ni yóò jẹ́wọ́.

ÌWÉ ỌKỌ̀, ÀTI ORÚKỌ TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ọkọ̀ tó dára láìsí ìwé, wàhálà ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èyí tó bá gba èbúté. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba Kútọnu wọlé tẹ́lẹ̀ wá di fàyàwọ́. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá mú irú rẹ̀, ẹni tó wà nídìí sítíárì lọ́jọ́ náà ni wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó tà á ti ná owó tirẹ̀ tán. Ẹ béèrè ìwé owó aṣọ́bodè, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ṣáásì ara ọkọ̀ bóyá ó bá ti inú ìwé mu, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Nọ́ńbà náà ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1981. Lára ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún ọkọ̀: Y jẹ́ 2000, 1 jẹ́ 2001, 5 jẹ́ 2005, A jẹ́ 2010. Bí wọ́n bá ní ti 2008 ni, tí ẹ sì rí 4 níbẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá nájà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ìyá ọlọ́jà kì í fẹ́ sọ síta. Ìyàwó ló dá èsúsú, ìyàwó ló kó mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé, nítorí pé bàbá ló bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti rà á. Ojoojúmọ́ tí ilé bá dùn, kò sí ìjà. Ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, àwọn ẹbí ọkọ á yọ dé, wọ́n á ní, "Mọ́tò ẹ̀gbọ́n wa ni." Kí ni ìyá yóò fi hàn? Bí ojú bá sé ojú, kí ohùn má yẹ̀. Ẹni tó kó owó sílẹ̀ ni kí orúkọ rẹ̀ wà lórí rìsíìtì àti nínú ìwé ẹ̀rí oníǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé àjùmọ̀rà ni, kí wọ́n kọ iye tí oníkálukú san, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Èyí kì í ṣe àìfọkàntánni. Oníṣòwò kì í tajà láìkọ ọ́ sínú ìwé, ti inú ilé náà kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

OWÓ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ TÁN

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ gan-an nìyí. Bí owó tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta ni kí ẹ wá. Ìdá kan tó kù, ti ọkọ̀ náà ni. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà, bẹ́líìtì, bíréèkì, bátìrì, táyà, gbogbo rẹ̀ lè béèrè tirẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ná owó rẹ̀ tán síbi rírà, mẹkáníìkì ni yóò tọ́jú ọkọ̀ náà sí lọ́gbà, koríko á sì hù yí táyà rẹ̀ ká. Irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kì í ṣe máìlì ló pa wọ́n. Owó àtúnṣe ni kò sí.

Epo náà ńkọ́? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye rẹ̀ ti ń gòkè, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lítà kan ti tó nǹkan bí 1,000 náírà l'Ékòó. Táńkì Sienna gbà ju lítà 70 lọ. Ẹ fi ọwọ́ yín ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi ọkọ̀ ilé ṣe kábúkábú lẹ́yìn iṣẹ́. Kí wọ́n rántí pé ìwé adójútòfò tí wọ́n gbà fún ọkọ̀ ilé kò bo ọkọ̀ tó ń gbèrò gbowó. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rùn ẹni tó ni ín ni gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìrìn ló nílò bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà irin àtijọ́ tún ti ní alábàárìn tuntun. Wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò nínú oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, láti Agbádó gba Ìjú, Agége, Ìkejà, Oshodi, Mushin àti Yaba dé Oyíǹgbò. Ẹni kan ṣoṣo tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Yaba, kí ló ń fi àga méje wá? Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì wà fún ẹrù ọjà, fún àwọn ọmọ, fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti fún òde Sátidé. Ọkọ̀ àgbà tí wọ́n bá ń lò níwọ̀nba, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, yóò bá wọn dàgbà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Alágbàtà yóò sọ pé ẹlòmíì ti ń gbé owó bọ̀, pé bí ẹ kò bá san lónìí, ọ̀la kò ní í bá a. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà gbé owó rẹ̀ wá. Bí ohun kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ èéfín, ìbáà jẹ́ ilẹ̀kùn tó kọjú sí àárín títì, ẹ di owó yín mọ́ra, kí ẹ máa lọ sílé. Bọ́ọ̀sì mìíràn ń bọ̀ ní Títì Agége lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.